Ẹyọ sìgá kan ló gbà mí lọ́wọ́ fépù: lẹ́tà ṣíṣí sí Mínísítà Ìlera

Sí Mínísítà fún ètò ìlera, àti gbogbo ẹ̀yin ọ̀gá tí òfin tábà wà níkàáwọ́ yín l'Ábújá,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo mọ̀ pé ìwé tó wà lórí tábìlì yín á ti ga bí òkè, ẹ ṣáà gba tèmi náà mọ́ ọn.

Ọmọ ọdún 26 ni mí, obìnrin ni mí, Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, customer care, àwa tí ẹ máa ń pè láago méjì òru tí tiránsífà yín bá há, tí ẹ ó sì máa bú wa bíi pé àwa la kó owó náà jẹ. Mi ò ní kọ orúkọ mi síbí torí màmá mi wà lórí Facebook ju èmi gan-an lọ. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí ni pé lọ́jọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì, mo gbọ́ ọ̀gá kan lórí rédíò tó ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń mu sìgá, ẹgbẹ́ burúkú ló kọ́ wọn. Gbogbo bọ́ọ̀sì ń mirí, òótọ́ ni, òótọ́ ni, èmi náà bá wọn mirí, ẹyọ sìgá méjì sì wà nínú báàgì mi tí mo fi tíṣù wé. Ẹ̀yin ọ̀gá, kò sí ẹgbẹ́ burúkú kankan tó kọ́ mi. Fépù, ohun kékeré olóbátìrì tó ń sọ omi di èéfín téèyàn ń fà, ló kọ́kọ́ mú mi, lẹ́yìn náà ni Nẹ́pà, dọ́là, àti sìgá tí wọ́n ń tà lẹ́yọ-ẹyọ jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ tì mí débi tí mo wà yìí. Bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí mi ò rò pé èmi nìkan ni, ní ọ́fíìsì wa nìkan mo lè ka márùn-ún.

December 2022 ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ mi kan ní Lẹ́kí. Wọ́n ń gbé fépù yí tábìlì ká bí ẹni ń gbé àwo ẹran, olómi máńgò, òórùn ẹ̀ dà bíi ṣingọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ká ní sìgá ni wọ́n nà sí mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní gbà á, kì í ṣe pé mo mọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ o, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó bá ń mu sìgá, kó tó jù ú nù àdúgbò ti fún un lórúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀. Fépù ò ní irú orúkọ yẹn lára. Kò tiẹ̀ lórúkọ kankan lédè wa. Màmá mi rí tèmi lórí tábìlì nígbà kan, wọ́n gbé e yẹ̀ wò, wọ́n ní ṣé bí páwà báńkì tuntun ṣe wá kéré tó báyìí nìyí. Mo ní ẹ́ẹ̀n mà.

Àwọn àgbà ní ìyàwó tí a bá fẹ́ lójú ijó, ìran ló máa wò lọ. Èmi fẹ́ tèmi lójú ijó, kò wo ìran kankan lọ o, ó bá mi délé, ó gba yàrá.

Bàbá tó bí màmá mi, ará Ìṣẹ́yìn ni wọ́n, ìkòkò ni wọ́n fi ń mu tábà títí wọ́n fi re ibi àgbà ń rè. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Òkè-Ògùn ti ń gbin tábà fún ilé iṣẹ́ sìgá Ìbàdàn tipẹ́tipẹ́. Ohun tí mo rántí nípa tábà bàbá ni òórùn ẹ̀, a máa ń gbọ́ ọ láti ojúlé kejì, inú aṣọ wọn, inú irun wa tí wọ́n bá gbé wa lé ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tí wọ́n lè fi pamọ́ fún. Mo ti wá rò ó pé òórùn yẹn gan-an ni ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ wa. Bí ọmọ bá mu sìgá lẹ́ẹ̀kan, ilé á gbọ́, ilé ìjọsìn á gbọ́, ẹ̀rù á bà á. Fépù ló lé ọlọ́pàá yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó lé e lọ tán, kì í ṣe fépù nìkan ni ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún.

Ọkùnrin ará Ṣáínà kan, apòògùn ni, Hon Lik lorúkọ ẹ̀, òun ló ṣe irú fépù tó tàn káyé, ní 2003. Òun fúnra ẹ̀ ń mu sìgá, bàbá ẹ̀ sì kú nípa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó ń wá ni bí ẹni tó ti ń mu sìgá ṣe máa rí nikotíìnì, èròjà inú tábà tó ń di bárakú, gbà láì sun nǹkan kan, torí iná yẹn gan-an ni ibi sìgá, ọ̀dà dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró àti gáàsì olóró tó ń gba àyè atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀, jíjó ewé ló ń mú un wá. Èrò dáadáa nìyẹn, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ẹni tó ń mu sìgá nígbà yẹn! Oògùn tí wọ́n ṣe fún aláìsàn ni wọ́n fún ẹni tára ẹ̀ le mu níbi pátì.

Lára fépù mi wọ́n kọ 5%. Mo ní ahn ahn, 5 nínú 100, kí ló wà níbẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé 5% yẹn túmọ̀ sí nǹkan bíi mílígíráàmù 50 nikotíìnì nínú mílílítà omi kan ṣoṣo. Ní Gẹ̀ẹ́sì àti gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù tó wà nínú ẹgbẹ́ EU, òfin ò jẹ́ kó kọjá 20. Mílílítà 10 ló wà nínú tèmi, ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀, mílígíráàmù 500 nìyẹn lápò ṣòkòtò, bẹ́ẹ̀ ẹyọ sìgá kan, nǹkan bíi 1 sí 2 ló ń wọ ara èèyàn. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń jẹ́ kí irú nǹkan líle bẹ́ẹ̀ ṣeé fà ni pé wọ́n po ásíìdì mọ́ ọn, nicotine salt ni wọ́n ń pè é, kì í ta èèyàn lọ́fun, ilé iṣẹ́ fépù JUUL ló gbé e dé ìgboro l'Amẹ́ríkà ní 2015 kí àwọn tó kù tó kọ́ ọ. Sìgá, tó o bá kọ́kọ́ fà á, á lé ẹ dànù, wàá húkọ́, omi á bọ́ lójú ẹ, wàá bi ara ẹ pé kí ni mo wá ṣe níbí. Fépù ò lé ẹnikẹ́ni.

Ohun kan tún wà tí ẹni tí ò fa fépù rí ò ní mọ̀. Sìgá máa ń tán. Èèyàn á tan án, á fà á, iná á dé ìdí ẹ̀, á jù ú nù, ó di ìgbà mìíràn. Fépù ò ní ìdí, kò síbi tó ti ń sọ fún ẹ pé ó tó. Mo ń fà á lórí bẹ́ẹ̀dì kí n tó bọ́jú, mo ń fà á nínú kẹ̀kẹ́ Marúwá, mo ń fà á ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì, mo ń fà á lábẹ́ tábìlì nígbà tí kọ́sítọ́mà ń ké lé mi lórí, kí súpáfáísọ̀ tó yíjú èéfín ẹ̀ ti pòórá. Láàárín oṣù mẹ́ta, mi ò mọ bí ara mi ṣe rí mọ́ láì sí nikotíìnì nínú ẹ̀.

Ẹ wá rántí ọdún 2023. Ọjọ́ 29 oṣù May ni wọ́n ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦470 ní báńkì fò kọjá ₦700 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kó tó di ìparí February 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Ìjọba mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, èmi mọ ibi tó ti bà mí. Ṣáínà ni fépù ti ń wá, Shenzhen ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, dọ́là ni wọ́n fi ń kó o wọlé. Èyí tí mo ń rà ní ₦8,000 di ₦12,000, kí n tó ṣẹ́jú ó di ₦18,000, owó oṣù mi sì jókòó síbi tó wà, kò mì. Ìyẹn ti owó. Ti iná tún ń bẹ o. Àwọn fépù ńlá yìí, omi inú wọn pọ̀ ju ohun tí bátìrì wọn lè gbé lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ojú ṣájà bíi ti fóònù. Ẹni tó ń gbé àdúgbò tí wọ́n ń fún ní iná wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì ti di wúrà, tó bá rí àyè ṣáàjì nǹkan kan, fóònù tó fi ń ṣiṣẹ́ ló máa ki bọ̀ ọ́ àbí fépù?

Alẹ́ ọjọ́ kan nínú February 2024 yẹn, iná ò tíì dé ládùúgbò wa láti ọjọ́ méjì, mo gbé fépù dé ibi iṣẹ́ kí n lè ṣáàjì ẹ̀ níbẹ̀, mo dé ibẹ̀ wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́, ẹ̀rọ invẹ́tà ló ń gbé kọ̀ǹpútà, kẹ́nikẹ́ni má ki nǹkan míì bọ̀ ọ́. Iná pupa kékeré ń ṣẹ́jú sí mi lára fépù. Nikotíìnì kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì ìdajì ẹ̀ ti lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó máa fi di aago mọ́kànlá, mo ti ń bínú sí kọ́sítọ́mà tí ò ṣẹ̀ mí, mo sọ̀rọ̀ sí màmá àgbàlagbà kan lórí fóònù lọ́nà tí mi ò gbọdọ̀ gbà bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ohùn wọn ṣì wà létí mi. Mo jáde sí gẹ́ètì. Bàbá màígádì wa jókòó, wọ́n ń mu tiwọn. Mo ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀kan. Wọ́n wò mí. "Àǹtí, ẹ̀yin?" Wọn ò fún mi, wọ́n ní ọ̀kan tó kù nìyẹn, ṣùgbọ́n wọ́n fi àgbọ̀n júwe ọ̀dọ̀ ìyá alágbo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ẹyọ kan, ₦150. Láítà wà níbẹ̀, wọ́n fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kẹ́nikẹ́ni má gbé e lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fà á, mo ń retí ikọ́ tí gbogbo ayé máa ń sọ. Mo húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré, bí ẹni tí omi gba ibi tí kò yẹ. Ọ̀fun mi ti mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró mi mọ bí wọ́n ṣe ń dá èéfín dúró, ìka mi mọ̀ ọ́n dì mú, fépù ti kọ́ wọn fún oṣù mẹ́rìnlá. Kó tó dé ìdajì, orí mi ti balẹ̀, mo padà wọlé, mo sì ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn bí ọmọ Jésù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀dọ́ fi ń kúrò nídìí fépù bọ́ sídìí sìgá, ìdí ẹ̀ ni ₦150 yẹn.

Ọpọlọ ò béèrè pé inú máńgò ni nikotíìnì bá wá àbí inú ewé tí wọ́n sun, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20 lẹ́yìn téèyàn bá fà á ó ti dé ọ̀hún, ohun tó ṣáà mọ̀ ni pé ó dé. Sìgá tiẹ̀ tún ní ohun tí fépù ò ní. Nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní MAO, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa palẹ̀ èròjà ìdùnnú mọ́ kó má pọ̀ jù, èéfín tábà tí wọ́n sun máa ń dá a lọ́wọ́ kọ́, ìdùnnú náà á wá pẹ́ díẹ̀ sí i. Mi ò mọ MAO nígbà yẹn o. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tí mo tún ra fépù mìíràn lóṣù tó tẹ̀lé e, ó ń ṣe mí bí ẹni mu tíì tí wọn ò fi ṣúgà sí. Ìyá alágbo náà fi èyí tó ní bọ́ọ̀lù kékeré nídìí hàn mí, tó o bá fi eyín tẹ̀ ẹ́ á bẹ́, míńtì á gba gbogbo ẹnu ẹ. Ó dà bíi fépù díẹ̀. Bí ẹni fi àkàsọ̀ lélẹ̀ fún èèyàn, kó má baà já bọ́.

Ẹ tún jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Nígbà tó yá mo ń mu mẹ́jọ lójúmọ́. ₦150 lọ́nà mẹ́jọ, ₦1,200, lóṣù ₦36,000. Owó fépù méjì nìyẹn! Ẹni tó sọ pé òun ò lówó fépù ló ń ná ₦36,000. Àwọn èèyàn á ní àìlọ́gbọ́n ni. Kì í ṣe àìlọ́gbọ́n, bí gbogbo wa ṣe ń gbé Nàìjíríà nìyẹn, mílíìkì inú sáṣẹ́ẹ̀tì, ọṣẹ inú sáṣẹ́ẹ̀tì, omi inú ọ̀rá, òróró tí wọ́n rọ sínú ọ̀rá kékeré tí wọ́n so lórí. ₦18,000 lẹ́ẹ̀kan náà máa ń dun èèyàn, ₦150 kì í dun ẹnikẹ́ni, ṣéńjì ni. Àwọn tó ń ṣe sìgá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Mi ò ní purọ́ pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa gbà. Ọ̀rẹ́ mi ọkùnrin kan ní Yábàá, sìgá ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ra fépù kó lè fi jáwọ́, ó sì jáwọ́ lóòótọ́ fún oṣù méje, ìgbà tí dọ́là gun igi ló padà. Òmíràn wà tí mo mọ̀ pé bí kò bá sí fépù láyé, á ṣì mu sìgá, gbogbo ohun tí wọ́n bá ti ní kó má fọwọ́ kàn ló máa ń fọwọ́ kàn láti kékeré, ọtí, igbó, ọkọ̀ bàbá ẹ̀. Àwọn onímọ̀ náà ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹ̀. Àjọ National Academies l'Amẹ́ríkà gbé ìwé ńlá kan jáde ní 2018, wọ́n ní ẹ̀rí tó lágbára wà pé ọ̀dọ́ tó bá ń fa fépù súnmọ́ àti dán sìgá wò ju èyí tí kò fà á lọ, àwọn mìíràn dáhùn pé irú èèyàn kan náà ló máa ń ṣe méjèèjì, kì í ṣe pé ọ̀kan ló fa èkejì. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi olórí kunkun yẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún èmi. Èmi ni ọmọ tó ń ṣe uṣà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó jáàpá ní 2021, ó ti ń mu sìgá kó tó lọ. Lọ́hùn-ún, ìjọba gan-an ló ń sọ fún ẹni tó ń mu sìgá pé kó bọ́ sórí fépù, wọ́n ṣètò kan ní 2023 láti fún mílíọ̀nù kan èèyàn ní fépù lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi jáwọ́, Swap to Stop ni wọ́n pè é. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sórí fépù, kò padà sídìí sìgá mọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò padà, ṣé ó ní ìfaradà jù mí lọ ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní páálí kan ti lé ní £15, wọn ò sì lè tà á fún ẹ lẹ́yọ, páálí 20 ló kéré jù, tí fépù ẹ̀ bá kú láàárín òru iná wà lára ògiri. Nǹkan kan náà, èèyàn ìlú kan náà, ọmọ ìyá kan náà ká kúkú sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn fépù ń fa èèyàn kúrò nídìí sìgá, lọ́dọ̀ wa ó ń tì wá síbẹ̀. Ọjà ló yàtọ̀. (Wọ́n ti fòfin de fépù àmúlò-ẹ̀ẹ̀kan-jùnù níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní June 2025, torí àwọn ọmọ kéékèèké àti ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n èyí tó ṣeé rọ omi sí ṣì wà fún àgbàlagbà.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti wọlé gan-an nìyí. Àwa náà ní òfin. Jonathan fọwọ́ sí National Tobacco Control Act ní May 2015, ọjọ́ díẹ̀ kó tó gbéjọba sílẹ̀. Ó wà nínú ẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta sìgá lẹ́yọ, páálí ẹlẹ́yọ 20 ló kéré jù, kí wọ́n má sì tà á fún ẹni tí ò tíì pé ọdún 18. 2015! Mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà yẹn. Láti ìgbà náà, mi ò tíì rí ìkóríta kan ní Èkó tí wọn ò ti ta ẹyọ sìgá, ìdúró mọ́tò, ẹnu ọ̀nà kílọ́ọ̀bù, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, ọ̀dọ̀ àbókí, ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ẹyin sísè. Ẹ sì ronú lórí èyí: ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán ìkìlọ̀ sára páálí, ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́, nǹkan tó ń dẹ́rù bani. Ta ló ń rí i? Ìyá alágbo ló ń rí i, òun tí kì í mu sìgá. Èmi tí mò ń rà á, ẹyọ funfun mímọ́ roro ni wọ́n ń fi tíṣù gbé fún mi, mi ò tíì di páálí sìgá kan mú rí láyé mi.

Owó orí tí ìjọba fi lé e náà, ₦1 lórí ẹyọ kan ní 2018, ₦2 ní 2019, ₦2.90 ní 2020, wọ́n tún fi kún un lẹ́yìn náà. Èwo ni ₦2.90? Ṣéńjì tí kọ́ńdọ̀ ń jẹ mọ́ wa lọ́wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má rán àwọn èèyàn pẹ̀lú kóbókò lọ máa da tábìlì àwọn ìyá alágbo nù, torí mo mọ̀ wá, ibi tá a ti máa bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin yẹn ń fi èrè orí ẹyọ sìgá rán ọmọ méjì ní ilé ìwé. Òun kọ́ ló ń ṣe sìgá. Ọkọ̀ tó ń já páálí fún un mọ ibi tó ń lọ, ẹni tó ń wà á mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ra 20 lẹ́ẹ̀kan lórí tábìlì yẹn, ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ mọ̀. Òkè ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì sọ fún mi pé apá ìjọba ò ká wọn, ní December 2023 FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní kí ilé iṣẹ́ sìgá British American Tobacco san $110 mílíọ̀nù, wọ́n sì fi wọ́n sábẹ́ ìṣọ́ oṣù 24. Nígbà tó wù yín, apá yín ká wọn.

Ti fépù, ẹ fi ìwọ̀n sí i bí wọ́n ṣe fi sí i níbòmíràn, mílígíráàmù 20 ò dí ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham lọ́wọ́ àtijáwọ́ nínú sìgá, 50 ló sọ èmi tí mi ò mu nǹkan kan rí di ẹrú láàárín oṣù mẹ́ta. Àwọn tó ń tà á fún mi, lórí Instagram ni, ọlọ́kadà ló ń gbé e wá, kò sẹ́ni tó bi mí lọ́jọ́ orí rí. Àbúrò mi ọmọ ọdún 16 lè rà á lọ́la. Ẹ má kàn fòfin dè é pátápátá kẹ́ ẹ wá fi ẹyọ sìgá sílẹ̀ ní ₦150 o, tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ gbogbo àwọn tó ń fa fépù lẹ máa kó fún ìyá alágbo ní ọ̀sẹ̀ kan náà.

Kẹ́ ẹ sì tún wa kà. GATS, ìwádìí lórí àwọn àgbàlagbà tó ń lo tábà, tí wọ́n ṣe nílẹ̀ yìí ní 2012 ló sọ pé ọkùnrin tó ń mu sìgá jẹ́ 7.3%, obìnrin 0.4%. 0.4% yẹn ni gbogbo èèyàn ṣì ń kì bí oríkì, obìnrin wa kì í mu sìgá, obìnrin wa kì í mu sìgá. Fépù ò tíì dé ìgboro nígbà tí wọ́n kà á.

Mo fẹ́ jáwọ́ o. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní sìgá ń pa tó ìdajì àwọn tó bá ń mu ún tí wọn ò jáwọ́, mo sì gbọ́ èémí ara mi lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, àjà kẹta péré. Mo wá ṣingọ́ọ̀mù oní-nikotíìnì lọ sí ilé oògùn mẹ́rin. Mẹ́ta ò gbọ́ ọ rí, ọ̀kan nínú wọn fún mi ní ṣingọ́ọ̀mù lásán. Ẹ̀kẹrin ní in, iye tí wọ́n pè é, mo rẹ́rìn-ín, mo kí wọn, mo jáde. WHO ti kọ irú oògùn yẹn mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí láti 2009, ẹ jẹ́ kó wà ní ọ̀sibítù ìjọba, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tà á lẹ́yọ-ẹyọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣingọ́ọ̀mù yẹn lẹ́yọ-ẹyọ, ₦150, lórí tábìlì ìyá alágbo. Mo sọ fún wọn, wọ́n ní àwọn á tà á, tí yóò bá sáà ti yá lórí àtẹ.

Lánàá mo mu mẹ́rin. Ó ti wálẹ̀ láti mẹ́jọ àtijọ́, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le.

Tẹ́ ẹ bá rò pé mo ń sọ àsọdùn, ẹ má fọn fèrè ọkọ̀, ẹ má kó àwọn oníròyìn lẹ́yìn, ẹ wá sí Ìkẹjà láago mọ́kànlá alẹ́, ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì èyíkéyìí tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ òru, kẹ́ ẹ wá tábìlì tí wọ́n fi okùn so láítà mọ́, kẹ́ ẹ dúró fún wákàtí kan kẹ́ ẹ máa ka àwọn obìnrin. Ìyá alágbo á fún yín ní àga.

Èmi ni, ọmọ customer care, Ìkẹjà.